Ìyá Javouhey, ọjọ́ 15 oṣù Keje

Bí oṣù Kejìlá bá ti ń lọ sópin, àlámànàkì a gba ìgboro kan. Ti ìjọ wà, ti ẹgbẹ́ wà, ti olóṣèlú náà wà, èyí tí àwòrán olúwarẹ̀ ti gba àyè tó yẹ kí òǹkà ọjọ́ wà. Ní Dópẹ̀mú, bí gò-sílóò bá ti mú lábẹ́ bíríjì, àwọn tó ń kiri rẹ̀ a nà án sí ojú fèrèsé dáńfó. Wo inú rẹ̀. Ọdún Kérésì wà níbẹ̀, Iléyá wà níbẹ̀, ọjọ́ Òmìnira wà níbẹ̀. Lábẹ́ ọjọ́ 15 oṣù Keje, òfìfo ni. Orúkọ obìnrin kan ni mo fẹ́ kọ sí ojú òfìfo yẹn: Anne-Marie Javouhey. Ìyá Javouhey ni mo máa pè é, torí bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe pè é.

Ọmọ àgbẹ̀ ni. Ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá, ọdún 1779, ni wọ́n bí i ní Jallanges, ní ẹkùn Burgundy nílẹ̀ Faransé, abúlé Chamblanc ló sì ti dàgbà. Nanette ni wọ́n ń pè é nílé. Kò tíì pé ọmọ ọdún 10 nígbà tí ará ìlú dìde sí ọba ní 1789. Nígbà tó yá, ìjọba ti ṣọ́ọ̀ṣì pa, àwọn Fadá tó kọ̀ láti búra fún ìjọba sì di ìsáǹsá. Inú abà ni wọ́n ti ń ṣe Mísà ní bòókẹ́lẹ́, Nanette a sì máa ṣọ́nà fún wọn. Òun náà ló ń kó àwọn ọmọ abúlé jọ, tó ń kọ́ wọn ní àdúrà. Ẹni tó kọ́ ẹ̀sìn báyẹn, kò yà mí lẹ́nu pé kò mọ bí a ṣe ń bẹ̀rù aláṣẹ títí tó fi kú.

Balthazar, bàbá rẹ̀, kò fẹ́ kí ó di Sísítà. Ibi tí ọ̀rọ̀ wá já sí pani lẹ́rìn-ín: kì í ṣe Nanette nìkan ló lọ, àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin mẹ́ta tẹ̀ lé e. Ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, ọdún 1807, ni ọmọ ìyá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ aṣọ Sísítà ní ìlú Chalon-sur-Saône, pẹ̀lú àwọn obìnrin márùn-ún mìíràn. Ní 1812, bàbá tó ní òun ò gbà yìí kan náà ló ra ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ àtijọ́ kan fún wọn ní Cluny. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ wọn ti mú orúkọ, Àwọn Sísítà Jósẹ́fù Mímọ́ ti Cluny.

Ó ti pẹ́ tí ọkàn rẹ̀ ti ń fà sí òkèèrè. Ní 1800, nígbà tó ṣì ń kọ́ iṣẹ́ Sísítà ní Besançon, ó ní òun rí ìran kan: àwọn ọmọdé aláwọ̀ oríṣiríṣi, dúdú wà nínú wọn, yí òun ká, ohùn kan sì sọ pé ọmọ òun ni wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ lè gbà á gbọ́. Ohun tí gbogbo wa rí ni pé ní 1819 àbúrò rẹ̀, Sísítà Rosalie, ti wà ní ilé ìwòsàn Saint-Louis ní Senegal, Ìyá Javouhey fúnra rẹ̀ sì dé ibẹ̀ ní 1822. Ó tọ́jú aláìsàn, ó sì dá oko sílẹ̀ ní Dagana létí odò Senegal. Ọmọ àgbẹ̀ kì í gbàgbé oko.

Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kan àwa Yorùbá nìyí. Sir Charles MacCarthy, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì, rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó wá ran ilé ìwòsàn lọ́wọ́ ní Gambia àti ní Freetown. Láàárín 1823 sí 1824 ló lọ. Ẹ rántí irú ìlú tí Freetown jẹ́ nígbà náà. Ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ń mú ọkọ̀ olówò ẹrú lójú òkun, Freetown ni wọ́n sì ń já àwọn tó wà nínú rẹ̀ sí, ní ìhòòhò, nínú àìsàn, láìmọ ibi tí wọ́n wà. Ogun tó ń fọ́ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ń ti àwọn Yorùbá tó wà nínú wọn síbẹ̀. Àkú ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa tó wà níbẹ̀, látinú kíkí tí wọ́n máa ń kí ara wọn. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà, ọdún 1822, ni wọ́n já ọmọkùnrin ará Òṣogùn kan síbẹ̀, Àjàyí, tó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Kò ju ọdún kan àti díẹ̀ lọ lẹ́yìn náà tí Ìyá Javouhey ń fọ egbò nílé ìwòsàn ìlú kan náà. Ibà pọ́njú ń pa ènìyàn níbẹ̀ nígbà náà. Ó mú òun náà, díẹ̀ ló kù kó gbé e lọ. MacCarthy tó pè é wá kò tún rí i mọ́: àwọn Àṣántì pa á lójú ogun ní oṣù Kìíní 1824.

Láti nǹkan bí 1839, àwọn Àkú yìí bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Wọ́n gba Èkó àti Àgbádárìgì wọ Abẹ́òkúta, Sàró la sì ń pe àwọn àti ọmọ wọn títí di òní. Ọ̀nà Abẹ́òkúta tó gba Dópẹ̀mú kọjá báyìí, tí a ń jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ rẹ̀, ìlú àwọn tó padà yẹn ló ń lọ.

Ìyá Javouhey padà sí Faransé ní 1824, ó sì kó èrò kan dání. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà fúnra wọn di Fadá, kí wọ́n má kàn máa wo Fadá òyìnbó lójú. Ó gba àwọn ọmọ láti Senegal sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Bailleul. Òtútù ilẹ̀ náà burú jáì, ó pa lára wọn. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí tí mo bá kà á: ọmọ tí ìyá bí sí Saint-Louis, tí òtútù wá pa sí ìlú onílùú nítorí ohun rere. Àmọ́ mẹ́ta nínú wọn, David Boilat, Jean-Pierre Moussa àti Arsène Fridoil, gba oyè Fadá ní 1840. Wọ́n wà lára àwọn Fadá àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọmọ Senegal.

Ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti tóbi jù ni Mana, ní Guyane tí Faransé ń ṣàkóso lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bùràsíìlì. Ní 1828 ló débẹ̀, inú igbó létí odò. Ó kọ́ abúlé, ó dáko, ó sì ṣe ibùdó fún àwọn adẹ́tẹ̀ ní Acarouany, níbi tí wọ́n ti ní ilé àti ilẹ̀ tiwọn. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Faransé gbé ẹrù ńlá kan lé e lórí. Wọ́n ti gba nǹkan bí 500 ènìyàn lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ ṣòwò ẹrú lòdì sófin, bíi ti Freetown gẹ́lẹ́, àmọ́ wọn kò dá wọn sílẹ̀. Iṣẹ́ ọdún 7 ni wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ sìn. Láti 1836 ni wọ́n ti ń kó wọn wá sí Mana. Ó kọ́ wọn níṣẹ́ àti ìwé, ó so tọkọtaya pọ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún, ọdún 1838, àwọn 185 gba ìwé òmìnira, wọ́n sì ní ilé àti ilẹ̀ tí wọ́n máa fi jẹun. Faransé kò fòpin sí oko ẹrú títí di 1848. Ọdún mẹ́wàá ni Mana fi ṣáájú.

Ọ̀pọ̀ ìjọ Àgùdà ní Èkó ló ní ẹgbẹ́ Vincent de Paul, tí Frédéric Ozanam àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Paris ní 1833. Àwọn ló ń pín ìrẹsì àti gàrí fún aláìní, wọ́n ṣeun, ebi kì í dúró gbọ́ ìwàásù. Ti Ìyá Javouhey yàtọ̀. Ilẹ̀ ló fún tálákà, ó fún un ní ọkọ́, ó sì fún un ní ìwé tó fi hàn pé kò sẹ́ni tó ni ín. N kò ní fi bò pé òfin rẹ̀ le. Bí ọmọ kékeré ló ṣe ń ṣe àwọn àgbàlagbà kan ní Mana, agogo ni wọ́n fi ń jí, agogo ni wọ́n fi ń sùn, kò sì fẹ́ kí wọ́n máa lọ bá àwọn ará ìta. Ẹni tó bá ti inú ọkọ̀ ẹrú jáde yóò ti rẹ́ni pàṣẹ fún un tó.

Àwọn olóko ńlá tó ń fi ẹrú ṣiṣẹ́ kórìíra rẹ̀. Ìtàn ayé rẹ̀ sọ pé wọ́n fowó bẹ atukọ̀ kan kó dojú ọkọ̀ dé lé e lórí lójú odò, ọkùnrin náà kò lè ṣe é. Èyí tó tún dùn ún ju ìyẹn lọ ti inú ìjọ wá. Bíṣọ́ọ̀bù Autun, d'Héricourt, fẹ́ jẹ́ olórí ẹgbẹ́ náà dípò rẹ̀, ó kọ̀. Nítorí náà, ní Guyane, nǹkan bí ọdún méjì ni wọn kò fi fún un ní Kómúníọ̀nù. A máa lọ sí Mísà, a jókòó, àwọn tó dá sílẹ̀ lóko ẹrú a dìde lọ gba Ara Olúwa, òun a wà lórí ìjókòó.

Wọ́n ní ọba Louis-Philippe sọ pé ọkùnrin ńlá ni obìnrin yìí. Ìyìn ni ọba rò pé òun ń yìn ín. Àwa náà kò yàtọ̀: bí obìnrin bá ti ṣe bẹbẹ, a ní obìnrin bí ọkùnrin ni. Nígbà tí àwọn ará Guyane lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ní 1848, òun ni àwọn kan nínú wọn fẹ́ rán lọ sí ilé aṣòfin ní Paris. Òfin kò gba obìnrin.

Paris ló kú sí ní ọjọ́ 15 oṣù Keje, ọdún 1851, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ikú d'Héricourt. Póòpù Pius Kejìlá kéde rẹ̀ ní Ẹni Ìbùkún ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá, ọdún 1950. Ní Freetown, níbi tí ibà ti fẹ́ pa á, àwọn Sísítà rẹ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní 1866, St. Joseph's, ó sì wà níbẹ̀ di báyìí.

Ọjọ́ 8 oṣù Kejì, ti Josephine Bakhita, ọmọ Sudan tí wọ́n tà lẹ́rú tó wá di Sísítà ní Italy, ti ń wọ àlámànàkì àwọn ìjọ kan. Ẹni mímọ́ ni òun láti ọdún 2000. Ọjọ́ 15 oṣù Keje ni mo ń tọrọ àyè fún, ìlà kan péré, kódà bí àwòrán olóṣèlú bá máa sún díẹ̀.