Adágún Orí Òkè Adó-Àwáyè: Ètò Tó Yẹ Kí A Ṣe Kí A Tó Gbéra

Ní ìpàdé oṣù tó kọjá, ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ìgbafẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Àwọn kan ní kí á lọ wo adágún Ìyákẹ́ tó wà lórí òkè ní Adó-Àwáyè. Àwọn mìíràn ní kí á jókòó sílé jẹ́ẹ́, pé ẹni tó bá fẹ́ wo òkè kó yọjú lójú fèrèsé. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀rín náà kì í ṣe ẹ̀rín. Ìdí nìyí tí a fi kọ ọ́ síbí, kí olúkúlùkù kà á nílé kí a tó dìbò.

Kí a má fi bò, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní Ìdànrè lọ́dún tó kọjá ló ń ba àwọn kan lẹ́rù. Ìdànrè kò jìnnà sí Ìlárá, a sì rò pé ibi tó wà nítòsí kò gba ètò. Àtẹ̀gùn òkè náà lé ní 600, ibùsinmi márùn-ún ló sì wà lójú ọ̀nà. Aago mọ́kànlá ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gùn ún, oòrùn ti mú. A kò bi ẹnikẹ́ni bóyá orúnkún ń dùn ún tàbí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwa tí a wà níwájú ń pariwo pé, "Ẹ yára o!" Ní ibùsinmi kẹta, òòyì kọ́ ìyá kan nínú wa, wọ́n sì ṣubú. Àwọn ọ̀dọ́ ló pọ̀n wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ara ìyá ti le. Ṣùgbọ́n nígbà tí a lọ kí wọn nílé, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, kì í ṣe òkè ló ṣe mí. Ojú ló tì mí láti sọ pé ó ti rẹ̀ mí." Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì kúrò lọ́kàn wa. Àwa ìgbìmọ̀ la jẹ̀bi, kì í ṣe ìyá.

Ẹ jẹ́ kí á wá sórí Adó-Àwáyè. Ìlú náà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Orí òkè ni àwọn baba ńlá wọn gbé rí kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Orí òkè náà ni adágún wà, omi tó dúró lórí àpáta. Àwọn ará ibẹ̀ ní kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sì ní ẹnikẹ́ni kò mọ bó ti jìn tó. Àwọn kan máa ń polówó pé irú rẹ̀ méjì péré ló wà láyé, pé èkejì wà ní Colorado ní Amẹ́ríkà. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí jiyàn o. Adágún orí òkè pọ̀ ní Switzerland àti Austria, níbi tí yìnyín ti ń yọ́ sínú wọn. Tiwa kò mọ yìnyín, kò sì tóbi bí ọ̀sà. Ẹni tó bá ń retí omi tó lọ salalu yóò ní a tan òun jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bí omi ṣe ń jókòó sórí òkúta, ibẹ̀ ni kó lọ.

Ní ti àkókò, oṣù Kejì ni a dá lábàá. Ọjà Kérésì ti tán, iṣẹ́ kòkó ti rọlẹ̀, òjò kò sì tíì mú kí àpáta máa yọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ ni kí á gbéra láàárọ̀ kùtù, kí á gba Ìgbárá-Òkè, Iléṣà àti Ifẹ̀ dé Ìbàdàn, kí á wá gba Mọ́níyà lọ sí Ìsẹ́yìn. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn yìí, tó jẹ́ 65 kìlómítà, ti bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìjọba Gómìnà Ṣèyí Mákindé tó tún un ṣe. Kí á sùn sí Ìsẹ́yìn. Adó-Àwáyè kò ju bíi 20 kìlómítà lọ sí i. Láàárọ̀ Jímọ̀, kí aago méje bá wa nídìí òkè. Bí a bá sọ̀ kalẹ̀, àwọn Mùsùlùmí yóò lè kí Jímọ̀ ní Ìsẹ́yìn. Sátidé ni kí á padà, kí ilẹ̀ má ṣú bá wa lọ́nà, kí àwọn onígbàgbọ́ sì bá ìsìn ọjọ́ Àìkú nílé.

Ní ti gígùn, àwọn tó ti ka àtẹ̀gùn náà ní ó jẹ́ 369. Lẹ́yìn rẹ̀, àpáta gbalasa ló kù láti rìn. Kí olúkúlùkù wọ bàtà onírọ́bà tó di ẹsẹ̀ mú, kó gbé omi mímu dání. Ẹni tó bá dàgbà jù nínú àwọn tó ń gùn ni kó ṣíwájú. Ìrìn rẹ̀ ni gbogbo wa yóò máa tẹ̀ lé. Ẹni tí kò bá fẹ́ gùn, kó sọ ọ́ nílé níbí, kí á kọ orúkọ rẹ̀ sí ti àwọn tí yóò dúró sí Ìsẹ́yìn wo àwọn ahunṣọ nídìí òfì. Àwọn oníṣòwò aṣọ, ẹ gbọ́ o: ẹtù, sányán àti àlàárì tí ẹ ń rà lọ́wọ́ alágbàtà, ẹ ó lè bá ẹni tó hun ún sọ̀rọ̀ fúnra yín. Nítorí náà, ẹni tí kò gùn kò pàdánù, kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí a bá dé etí omi, kí á fi í sílẹ̀ bí a ti bá a. Ibi àdúrà ni òkè náà jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, oníṣẹ̀ṣe, Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́. Kí á gba afinimọ̀nà ọmọ ìlú, kí á sì ṣe ohun tó bá ní kí á ṣe. Kò sí ìwẹ̀, kò sí ọ̀rá omi tí a ó jù sílẹ̀. Ní adágún ti Colorado tí a dárúkọ yẹn, wíwẹ̀ jẹ́ èèwọ̀, láti ọdún 2019 sì ni ẹni tó bá fẹ́ débẹ̀ ti gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sanwó gba ìwé àṣẹ, nítorí ẹsẹ̀ ènìyàn ti pọ̀ jù níbẹ̀. Omi tí kò lè ṣàn lọ, ìdọ̀tí rẹ̀ kò níbi tí yóò gbà.

Ó wá ku owó. Kò gbọdọ̀ ti àpò ẹgbẹ́ jáde. Àwọn kan nínú wa ṣì ń dúró de ẹ̀yáwó tí wọn yóò fi ra ọjà. Kò yẹ kí owó yẹn di owó epo ọkọ̀. Kí àwọn tó ń lọ máa dá a lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ìsinsìnyí, kí akápò kọ ọ́ sínú ìwé ọ̀tọ̀. Bí a bá gba ọkọ̀ elérò 18, kí á pín owó rẹ̀ sí ọ̀nà 14, nítorí kò sí ìrìn-àjò tí ẹni méjì mẹ́ta kì í yẹ̀. Bí gbogbo wọn bá pé, a ó dá èyí tó ṣẹ́ kù padà. Alájẹṣẹ́kù là ń jẹ́. Ẹni tó bá jẹ tán kò lè jẹ́ orúkọ náà mọ́.

Ẹ mú orúkọ yín wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, yálà ti gígùn ni tàbí ti òfì. A ti lọ bá ìyá wa. Wọ́n ní kí á kọ orúkọ àwọn sí ti òfì, pé àwọn ni kí á kọ́kọ́ kọ. A ti kọ ọ́.