Nígbà tí Kọ̀ǹpútà Bá Kọ Windows Àtijọ́

Àwọn àgbà wa a máa wí pé, “Àìgbọ́fá là ń wòkè, Ifá kan kò sí ní párá.” Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò bá yé ni í máa gbójú sókè, bí ẹni pé ìdáhùn yóò já bọ́ láti òkè àjà. Àwa ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń wo òkè bẹ́ẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà, nígbà tí ojú ẹ̀rọ bá di aláwọ̀ búlúù, tí ìlà ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì tàbí mẹ́ta sì yọ síbẹ̀. Ẹlòmíràn a fi ọwọ́ gbá a. Ẹlòmíràn a pa á, a sì tún un tàn ní ìgbà mẹ́wàá. Ẹlòmíràn a sì kéde fún gbogbo ilé pé ẹ̀rọ náà ti kú. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀, kò sì rí ẹni tí yóò tẹ́tí sí i.

Ẹ̀yin ònkàwé wa ọ̀wọ́n, ohun tí a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí jẹ mọ́ fífi Windows àtijọ́ sí inú kọ̀ǹpútà, pàápàá èyí tí a ń pè ní Windows XP, tí ilé-iṣẹ́ Microsoft mú jáde ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2001. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè pé kí ni a tún ń wá lọ sí ìdí ohun àtijọ́ nígbà tí tuntun wà, kí ó fi sùúrù gbọ́ ìtàn arábìnrin kan.

Opó ni arábìnrin yìí, ó sì ní ọmọ mẹ́ta. Iṣẹ́ mọ́nógíráàmù ni ó ń ṣe ní àdúgbò wa. Òun ni í fi ẹ̀rọ ya ọ̀nà sí ọrùn agbádá àti sí etí bùbá. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ń gba àpẹẹrẹ ọ̀nà láti inú kọ̀ǹpútà, ètò tí ó sì ń gbé àpẹẹrẹ náà lọ, fún Windows XP nìkan ni a ṣe é. Ojúhò gbọọrọ tí a fi ń so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ kọ̀ǹpútà nígbà kan rí ni ó ń gbà jáde, èyí tí kò wọ́pọ̀ lára kọ̀ǹpútà tuntun mọ́. Bí ó bá ní kí òun ra ẹ̀rọ ìránṣọ mìíràn, owó rẹ̀ ju èrè ọdún kan rẹ̀ lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, iná mànàmáná tí ó ti lọ padà dé pẹ̀lú agbára púpọ̀, ó sì jó pátákó inú kọ̀ǹpútà náà. Agbádá ọkọ ìyàwó àti ti àwọn ẹbí rẹ̀ wà nílẹ̀ láìparí, ìgbéyàwó náà sì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Wọ́n bá a ra kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ kan tí ó ní irú ojúhò bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà yọ háàdì dísìkì kúrò nínú ẹ̀rọ tí ó jó, ó so ó mọ́ tòkúnbọ̀, ó sì tàn án. Lójú kan náà ojú ẹ̀rọ di búlúù, ó sì kọ nọ́ńbà yìí: 0x0000007B. Ó wá fi àwo sídì Windows XP sí i, kí ó lè ti ìbẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn náà dáhùn pé, “Setup did not find any hard disk drives installed in your computer”, èyí tí í ṣe pé òun kò rí háàdì dísìkì kankan nínú ẹ̀rọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yíjú sí opó, ó ní, “Ẹ má bínú, Màmá. Dísìkì yín ti jó pẹ̀lú ẹ̀rọ. Gbogbo àpẹẹrẹ inú rẹ̀ ti lọ.” Iṣẹ́ ọdún mẹ́fà ni ó wà nínú dísìkì náà. Ìyá náà jókòó, kò sì lè fọhùn. Nígbà náà ni wọ́n ránṣẹ́ sí wa, nítorí wọ́n mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí àwa àti àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ti ń bá ara wa jìjàkadì.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe ni pé a mú bébà àti pẹ́ńsù, a sì kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ ti kọ wọ́n, láìfi òdo kan sílẹ̀. Nígbà tí a wò wọ́n, ó hàn pé orísun kan náà ni wọ́n ní. Háàdì dísìkì kì í dá bá Windows sọ̀rọ̀. Ètò kékeré kan ní í wà láàrín wọn, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní dírẹ́bà, orúkọ kan náà tí a ń pe awakọ̀. Ní ọdún 2001, ọ̀nà tí a ń pè ní IDE ni ọ̀pọ̀ dísìkì ilé ń gbà, dírẹ́bà rẹ̀ sì wà lórí sídì XP. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà tuntun dé tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ AHCI, dírẹ́bà rẹ̀ kò sì sí lórí sídì náà. Orí AHCI ni tòkúnbọ̀ yìí wà. Dísìkì opó wà láàyè, ó sì ń yí; ògbufọ̀ ni kò sí láàrín òun àti Windows.

Ẹni tí irú èyí bá bá, kí ó tún ẹ̀rọ tàn, kí ó sì tètè tẹ bọ́tìnì tí ó mú ni wọ inú BIOS. Lára ẹ̀rọ púpọ̀, F2 tàbí Delete ni; ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ a sì máa sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí a bá tàn án. Níbẹ̀ ni kí ó wá ibi tí a kọ SATA Mode sí, kí ó yí i kúrò ní AHCI sí IDE, tí àwọn mìíràn ń kọ ní Compatible tàbí ATA. Bí ẹ̀rọ kò bá ní àyè yìí, ó ku ọ̀nà méjì. Èkíní ni kí a tẹ F6 nígbà tí sídì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kí a sì fún un ní dírẹ́bà. Ṣùgbọ́n inú dísìkì pẹlẹbẹ àtijọ́, èyí tí a ń pè ní floppy, ni yóò ti bèèrè rẹ̀, ta ni ó sì tún ní i? Èkejì ni kí a lo ètò bí nLite láti fi dírẹ́bà náà kún sídì tuntun kí a tó bẹ̀rẹ̀.

A yí i sí IDE. Windows tí ó wà lórí dísìkì opó, tí ó ti mọ́ ara ẹ̀rọ àtijọ́ nìkan, kò gbà láti dìde síbẹ̀. Nítorí náà a padà sí sídì. Ní ìgbà yìí dísìkì méjèèjì hàn, ti tòkúnbọ̀ àti ti opó, pẹ̀lú ìwọ̀n wọn. Inú ọ̀dọ́mọkùnrin náà dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbé ìka lé bọ́tìnì D lórí ti opó, láti pa á rẹ́ kí ó lè fi Windows tuntun síbẹ̀. A di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ní ojú ìwé náà, D ni í pa ìpín dísìkì rẹ́, L ni í sì fi àṣẹ sí i. Ẹ̀rọ kì í bèèrè bóyá oúnjẹ ọmọ ẹnìkan wà nínú rẹ̀. Ó ní, “Sà, mo rò pé ó ti ṣófo ni.” A ní, “Ọmọ mi, ìwọ náà ni o sọ ní àárọ̀ pé ó ti kú.”

A tẹ F3 láti jáde. A yọ dísìkì opó, a so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, a sì da gbogbo àpẹẹrẹ rẹ̀ kọ sí orí fláàṣì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó gba wá ní ìrọ̀lẹ́ kan gbáko. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lẹ́yìn èyí nìkan ni a tó fi Windows sí orí dísìkì tòkúnbọ̀ fúnra rẹ̀, tí a sì gbé ti opó pamọ́ sínú àpótí.

Wàhálà kò tíì tán. Bí fáìlì ti ń wọlé, ẹ̀rọ dúró, ó kọ ọ́ pé, “Setup cannot copy the file”, ó sì dárúkọ fáìlì náà. Ó fún wa ní àyè méjì: Enter láti tún un gbìyànjú, ESC láti fò ó kọjá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fò ó. Ẹni tí ó bá fo fáìlì kan ń kọ́ ilé tí bíríkì kan kò sí ní ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo sídì. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún láti àárín lọ sí etí ní tààrà, kì í ṣe ní yíyípo. Bí ó bá ṣì kọ̀, ẹ dán sídì mìíràn tàbí ẹ̀rọ ìkàwé sídì mìíràn wò. Bí orúkọ fáìlì tí ó ń kọ̀ bá ń yí padà ní ìgbàkúgbà, ẹ fura sí RAM: ẹ yọ ọ̀kan, kí ẹ fi ọ̀kan dán an wò, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ètò Memtest86 yẹ̀ ẹ́ wò mọ́jú. Ní tiwa, òróró ọwọ́ ni ó wà lára sídì.

Lẹ́yìn èyí ẹ̀rọ pa ara rẹ̀, ó sì tún ara rẹ̀ tàn, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Ó kọ ọ́ pé, “Press any key to boot from CD”. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹ bọ́tìnì, gbogbo iṣẹ́ sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni ó ti rò níbí pé Windows kọ̀ fún wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìkan ni a ń tẹ bọ́tìnì yìí. Ní ìgbà kejì kí a ká ọwọ́ lẹ́rán, ẹ̀rọ yóò sì kọjá lọ fúnra rẹ̀.

Kí a tó parí ọ̀rọ̀, ó tọ́ kí a mẹ́nu kan àwọn ìkìlọ̀ mìíràn tí ó lè bá yín.

“NTLDR is missing”: ẹ wò ó bóyá fláàṣì tàbí dísìkì mìíràn wà lára ẹ̀rọ tí ó ń gbìyànjú láti ti ibẹ̀ dìde, kí ẹ yọ ọ́. Bí kò bá sí, ẹ wo inú BIOS bóyá dísìkì tí ó tọ́ ni ó wà ní ipò kìíní. Bí fáìlì náà bá sọnù nítòótọ́, ẹ tẹ R nígbà tí sídì bá gbà yín, kí ẹ lè da NTLDR àti NTDETECT.COM kọ padà láti inú àpò i386. A kì í tìtorí èyí pa dísìkì rẹ́.

0x000000A5: BIOS àti Windows kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí ètò ìṣàkóso iná tí a ń pè ní ACPI. Ẹ wá BIOS tuntun láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ. Bí kò bá sí, ẹ tẹ F7 ní àkókò tí a ń tẹ F6. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè má lè pa ara rẹ̀ mọ́.

Dísìkì tí ó tóbi tí ó sì hàn bíi 137 GB péré: sídì àkọ́kọ́ ti ọdún 2001 kò mọ èyí tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lo sídì tí Service Pack 3 ti ọdún 2008 wà nínú rẹ̀.

Nọ́ńbà àṣẹ tí a kọ̀: nọ́ńbà tí ó bá ẹ̀rọ wá láti ilé-iṣẹ́ kì í sábà bá sídì tí a rà lọ́tọ̀ mu. Ẹ wo irú sídì tí ẹ mú lọ́wọ́ kí ẹ tó pe nọ́ńbà yín ní ayédèrú.

Ní ti Windows 7, tí ó jáde ní ọdún 2009, a máa ń kọ ọ́ pé, “A required CD/DVD drive device driver is missing”. Lọ́pọ̀ ìgbà, ojúhò USB 3.0, tí inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ búlúù, ni a ki fláàṣì bọ̀. Windows 7 kò sì ní dírẹ́bà rẹ̀. Ẹ kì í bọ ojúhò USB 2.0.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Microsoft dẹ́kun àtìlẹ́yìn fún Windows XP ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2014, àti fún Windows 7 ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020. Ilé tí a kò tún ògiri rẹ̀ ṣe mọ́ ni wọ́n. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, àrùn kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní WannaCry tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ó sì da iṣẹ́ àwọn ilé ìwòsàn rú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà a kò so kọ̀ǹpútà opó yìí mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Orí fláàṣì ni àpẹẹrẹ ń gbà wọlé, lẹ́yìn tí a bá ti yẹ̀ ẹ́ wò lórí ẹ̀rọ mìíràn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wo àkọsílẹ̀ owó rẹ̀ ní báńkì.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá wo ẹ̀yìn ni yóò rí òkúta tí ó gbé e ṣubú, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kọ ni ó sì ń fi òkúta náà hàn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì kankan. Ẹ da ohun ìní yín kọ sí ibòmíràn kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́.

Agbádá náà parí ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìgbéyàwó. Nígbà tí a lọ kí opó náà, a rí i pé ó ti fi gọ́ọ̀mù lẹ bébà wa mọ́ ògiri lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà kan kún un nísàlẹ̀: “Kí a tó tẹ D, kí a bi Màmá.”