Oògùn Kékeré Kí Oyún Tó Dé

Kubwa ni mò ń gbé, ní Àbújá. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi ń wá ọmọ, aládùúgbò kan mú mi lọ sí ọjà Wuse, mo sì ra ike oògùn mẹ́ta: tèmi, tọkọ mi, àti èyí tí wọ́n ní ó ń mú ìbejì wá. Owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì ló bá a lọ.

Apòògùn tí mo kó wọn hàn kọ́kọ́ wá nọ́ńbà NAFDAC lára wọn. Méjì kò ní. Ó ní, "Mà, fólíìkì ásíìdì lẹ nílò jù."

Máíkírógíráàmù 400 rẹ̀ lójúmọ́ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí obìnrin máa lò, látìgbà tó bá ti ń wá oyún títí oyún yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 12. Ìdí ni pé ibi tí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti ń hù máa ń pa ẹnu dé láàárín nǹkan bí ọjọ́ 28 tí oyún dúró, nígbà tí ọ̀pọ̀ wa kò tíì fura.

Kì í ṣe pé fólíìkì ásíìdì ń fúnni lóyún o. Ọmọ tó ń bọ̀ ló ń dáàbò bò. Ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà náà ní irú rẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ nìkan kì í sábà tó. Ẹ má sì kàn máa lo oògùn èyíkéyìí: fítámì A àpọ̀jù lè ṣe ọmọ inú léṣe.

Bí ọdún kan bá kọjá láìsí oyún, kí tọkọtaya jọ lọ rí dókítà. Ẹ má dá ìyàwó nìkan lẹ́bi.