Ta Ló Tan Jẹnẹrétọ̀ Ní Aago Méjì Òru?

Bí ẹ bá dúró síwájú gbọ̀ngàn Màpó, tí ẹ wo ìsàlẹ̀ síhà Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ, páànù tó ti dípẹtà lẹ ó máa rí lọ títí. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn páànù yẹn, panẹ́lì sólà dúdúdúdú ti ń pọ̀ sí i. Kò sẹ́ni tí kò mọ ìdí rẹ̀. Ní ìparí May 2023 ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, nígbà tó fi máa di July ọdún náà, lítà bẹntiróòlù kan ti lé ní ₦600. Ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ mọ́jú tẹ́lẹ̀ ò dán an wò mọ́.

Àmọ́ oòrùn kì í ràn lóru, bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣe ojo lọ́sàn-án nínú oṣù July àti August. Torí náà jẹnẹrétọ̀ ò tíì kúrò nílé, ó kàn di igbákejì sólà ni. Látìgbà tí àwọn èèyàn ti mọ̀ pé físíìsì ni mò ń kà fún másítà, ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù nìyí: ṣé jẹnẹrétọ̀ ò lè máa tan ara rẹ̀ nígbà tí bátìrì ínfátà bá ń lọ sílẹ̀, kó sì pa ara rẹ̀ nígbà tí bátìrì bá kún?

Ó lè ṣe é. Wáyà tín-ín-rín méjì ló so ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Ibi tó ti le kì í tiẹ̀ ṣe wáyà rárá, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ẹ má rò pé idán tuntun ni o. Charles Kettering, ará Amẹ́ríkà tó ṣe sítátà oníbátìrì fún mọ́tò, ló wà nídìí Delco-Light tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1916 fún àwọn àgbẹ̀ tí iná ìlú ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn: ẹ́ńjìnnì kékeré kan pẹ̀lú bátìrì tó ń gba iná lára rẹ̀. Ní 1920, Kohler gbé tiwọn jáde, èyí tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti tan gílóòbù kan nínú ilé, ẹ́ńjìnnì á sítáàtì fúnra rẹ̀. Àwọn bánkì wa náà ti ń lo irú ẹ̀ tipẹ́. Ohun tó yí padà ni pé ínfátà tó wà nínú pálọ̀ yín ti ní ọpọlọ tó lè pàṣẹ yẹn.

Ìyá kan wà tó ń ta áìsì fíṣì ní Ọjà'ba, ilé rẹ̀ wà ní agbo ilé kan ní Bẹyẹrunkà. Fíríìsà ẹja rẹ̀ kan wà nílé. Bátìrì túbúlà 200Ah méjì ló ní, wọ́n so wọ́n pọ̀ di fọ́ltì 24. Ó sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru ni ínfátà yìí máa ń ké. Ta ni yóò máa jí lọ fa okùn jẹnẹrétọ̀ nígbà yẹn? Bí mi ò bá sì jí, ẹja á yọ̀." Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ná."

24 lọ́nà 200 jẹ́ 4,800, ìyẹn kílówáàtì-wákàtí 4.8. Bátìrì túbúlà ò fẹ́ kí á máa jẹ ẹ́ kọjá ìdajì bó bá máa pẹ́ láyé, torí náà 2.4 ló ṣe é lò. Fíríìsà, tí a bá pín ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ àti ìgbà tó sinmi, ń gba bíi wáàtì 80. Fáànù méjì gba 120, gílóòbù àti fóònù tó ń gba iná gba 40. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 240. 2,400 pín sí 240 jẹ́ wákàtí mẹ́wàá. Ẹ yọ èyí tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ kúrò, ó ku bíi mẹ́sàn-án. Oòrùn wọ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀, bátìrì dé ìdajì ní aago mẹ́ta ààbọ̀. Ìyá ẹlẹ́ja ò pa irọ́.

Báwo wá ni ínfátà ṣe ń mọ̀? Fọ́ltéèjì ló ń wò. Bátìrì túbúlà onífọ́ltì 12 tó kún, tó sì ti sinmi, máa ń fi bíi 12.7 hàn. Tó bá dé ìdajì, á fi bíi 12.2 hàn. Ẹ rí i pé ìyàtọ̀ ọ̀hún kéré, ìdajì fọ́ltì péré. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí nígbà tí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ fíríìsà bá gbéra, fọ́ltéèjì á já wálẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí alábàárù tó tẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé ẹrù lé e lórí kó tó nàró. Bí ínfátà bá gba ìyẹn gbọ́, á máa tan jẹnẹrétọ̀ lásán. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ fún un pé kó dúró bíi ìṣẹ́jú kan kó tó gbà pé ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀. Ìdí nìyẹn náà tí ibi tí yóò ti tan àti ibi tí yóò ti kú fi gbọ́dọ̀ jìnnà síra: kó tan ní 23.5, kó kú ní bíi 27 tàbí 28. Bí ẹ bá fi wọ́n sún mọ́ra, á máa tan, á máa kú, bí ọmọ tó ń fi súìṣì ṣeré. Ẹni tó bá ń lo bátìrì lithium ò gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé fọ́ltéèjì rárá, torí tirẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀ títí yóò fi kù díẹ̀ kó tán. Ìdá-nínú-ọgọ́rùn-ún tí bátìrì náà fúnra rẹ̀ ń ròyìn ni kó lò.

Lára ọ̀pọ̀ ínfátà, ẹ ó rí ihò mẹ́ta kékeré tí wọ́n kọ NC, C àti NO sí, wọ́n á sì kọ "dry contact" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Relay ló wà lẹ́yìn wọn, ìyẹn súìṣì kékeré tí iná ń ṣí, tí iná sì ń tì. Wọ́n pè é ní gbígbẹ torí pé kò gbé iná kankan jáde fúnra rẹ̀. Ṣe ló kàn ń so wáyà méjì pọ̀ tàbí kó tú wọn. Nínú irú Axpert àti àwọn tó fara jọ ọ́, nọ́ńbà 12 àti 13 nínú ètò rẹ̀ ni ẹ ti máa yan fọ́ltì méjèèjì, tí ẹ bá ti kọ́kọ́ sọ fún un pé sólà àti bátìrì ni kó máa lò ṣáájú. Tí bátìrì bá wálẹ̀, C àti NO á fọwọ́ kanra. Áḿpù 3 ni agbára relay yẹn mọ. Ẹ má jẹ́ kí rìwáyà kankan so sítátà jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn tààrà o, jíjó ni yóò jó.

Ó wá kù sọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀. Èyí tí a ń fa okùn rẹ̀, irú I better pass my neighbour, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò ní sítátà, kò sẹ́ni tó lè bá a fa okùn. Èyí tó dáa jù ni èyí tí wọ́n ti ṣe ihò wáyà méjì sí lára láti ilé-iṣẹ́: so wáyà pọ̀, á tan, tú u, á kú. Èyí tó sì pọ̀ jù lọ́wọ́ wa ni oníkọ́kọ́rọ́, èyí sì nílò páńẹ́lì kan tí yóò máa ṣe iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn.

Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ yẹn dáadáa, a kì í kà á sí. Ẹ máa ń ṣí epo. Ẹ máa ń fa ṣóòkì, torí ẹ́ńjìnnì tó tutù fẹ́ kí epo inú atẹ́gùn rẹ̀ pọ̀ sí i. Ẹ ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ ó tẹ́tí, tó bá ti gbà ẹ ó fi sílẹ̀ kíá kí sítátà má baà bàjẹ́. Tí kò bá gbà, ẹ ó sinmi díẹ̀ kí ẹ tó tún yí i. Ẹ ó dá ṣóòkì padà. Ẹ ó jẹ́ kó gbóná kí ẹ tó gbé iná lé e. Gbogbo èyí ni páńẹ́lì gbọ́dọ̀ mọ̀: kó gbìyànjú fún ìṣẹ́jú-àáyá bíi márùn-ún, kó sinmi, kó má kọjá ẹ̀ẹ̀mẹta, tí kò bá gbà kó ké, kó sì jáwọ́. Ṣóòkì ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Tí jẹnẹrétọ̀ yín ò bá ní èyí tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ ó ní láti fi mọ́tò kékeré kan sí i. Ohun mìíràn ni bátìrì kékeré tó ń yí sítátà: tí jẹnẹrétọ̀ bá jókòó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òun náà á kú. Ẹ fi ṣájà kékeré kan sí i lára látọ̀dọ̀ ínfátà.

Iná tó ti inú jẹnẹrétọ̀ jáde, ẹnu AC input ínfátà ló ń lọ, kò gbọdọ̀ lọ sí output láéláé. Iná NEPA náà ibẹ̀ ló ń gbà wọlé (mo mọ̀ pé NEPA ti kú láti 2005, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ rẹ̀ ò kú). Torí náà, ṣéńjọ́fà tí apá rẹ̀ méjèèjì ò lè wọlé lẹ́ẹ̀kan náà gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná jẹnẹrétọ̀ yín lè gba wáyà ìta lọ bá ẹni tó gun òpó tó rò pé kò sí iná. Ẹ fi í fún rìwáyà tó mọ iṣẹ́.

Ṣé ó wá dín epo kù? Bẹ́ẹ̀ ni. Jẹnẹrétọ̀ tó ń fi gbogbo òru gbé fáànù méjì ń yí 3,000 lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú bákan náà pẹ̀lú èyí tó gbé ẹrù gidi. Ọ̀pọ̀ epo rẹ̀ ni yíyí lásán ń jẹ. Tí ínfátà bá ń fi áḿpù 40 gba iná sí bátìrì, tó tún ń gbé ilé, ẹrù rẹ̀ tó bíi wáàtì 1,500. Ibẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ 2.5kVA ti ń jẹ epo fún èrè. Wákàtí méjì ààbọ̀ tàbí mẹ́ta, ó parí.

Mo ti dé ibi tó le wàyí. Nígbà tí Ìyá ẹlẹ́ja ń fa okùn, ẹni tó jí ló ń tan jẹnẹrétọ̀. Tí ó bá ń tan ara rẹ̀ ní aago mẹ́ta, gbogbo agbo ilé ló ń sùn. Èéfín sàlẹ́ńsà ní carbon monoxide nínú. Kò lóòórùn, kò láwọ̀. Haemoglobin inú ẹ̀jẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju ọ́síjìn lọ, torí náà díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ti tó láti gba àyè ọ́síjìn. Orí fífọ́, òòyì, èébì: ẹni tí kò sùn á rò pé ibà ni, ẹni tó sùn ò ní mọ nǹkan kan.

Àjọ ìlera Amẹ́ríkà, CDC, ní kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. A mú tépù jáde ní Bẹyẹrunkà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àárín ilé méjì ni jẹnẹrétọ̀ wà. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí fèrèsé tirẹ̀, márùn-ún sí ti aládùúgbò tí àwọn ọmọ ń sùn sí. Ní àdúgbò tí ilé ti ń fara ti ilé, ẹsẹ̀ bàtà 20 sí fèrèsé yín lè jẹ́ ẹnu fèrèsé ẹlòmíràn. Kò sí ìwé ínfátà kankan tó kọ ìyẹn.

Ohun tí mo rò nìyí: nínú agbo ilé, ẹ má jẹ́ kó tan lóru rárá. A gbé jẹnẹrétọ̀ Màmá lọ síwájú, sí etí títì, nínú àgò onírin, sàlẹ́ńsà kọjú síta. A wá fi táímà sí ojú wáyà kan nínú méjèèjì tó ti ara ínfátà wá, tó ń ṣí ọ̀nà láti aago méje alẹ́ sí mẹ́wàá nìkan. Èyí gba pé kí ibi títan lọ sókè díẹ̀, sí 24.5, kó má baà dìgbà tí bátìrì dé ìdajì. Tó bá kú ní aago mẹ́wàá, bátìrì ti ní ohun tí yóò gbé fíríìsà dé aago méje àárọ̀, oòrùn á sì gbà á níbẹ̀. Tí wọ́n bá gbàgbé láti ra epo, páńẹ́lì á ké nígbà tí ojú ṣì wà lójúfò. A tún ra agogo carbon monoxide oníbátìrì méjì, ọ̀kan fún yàrá Màmá, ọ̀kan fún yàrá àwọn ọmọ aládùúgbò.

Tí ẹ bá parí tiyín, ọ̀sán ni kí ẹ ti dán an wò. Ẹ so C àti NO pọ̀ pẹ̀lú wáyà, ẹ kà á títí yóò fi tan. Lẹ́yìn náà, ẹ tú wáyà náà, ẹ dúró tì í títí yóò fi kú fúnra rẹ̀.