Agbo, Ìdílé tàbí Ẹbí Ìyá? Orúkọ Àwọn Kìnnìún Tí Ó Jọ Ń Gbé

Kì í ṣe àìsí ọ̀rọ̀ ni ó sábà máa ń yọ olùtúmọ̀ ìwé ìmọ̀ ẹranko lẹ́nu, bí kò ṣe pé ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ti ní ẹrù tirẹ̀ lórí. Orúkọ tí ó yẹ kí a fún àwọn kìnnìún tí ó jọ ń gbé jẹ́ àpẹẹrẹ kan.

Agbo ni ó kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn. Ṣùgbọ́n agbo àgùntàn a máa rìn pọ̀, darandaran a sì máa dà á. Kìnnìún kì í ṣe bẹ́ẹ̀: méjì lè wà lẹ́bàá odò, kí mẹ́ta wà lọ́nà jíjìn, kí wọ́n tó pàdé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n sì máa fi orí ra ara wọn bí ìkíni.

Ìdílé dà bí ẹni pé ó sàn jù, òun gan-an ni ó sì léwu jù. Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọkùnrin ní í dúró sílé bàbá, ọmọbìnrin a sì lọ sílé ọkọ. Òdìkejì rẹ̀ ni ti kìnnìún. Ìwádìí tí George Schaller ṣe ní Serengeti, ní ilẹ̀ Tanzania, láàárín 1966 sí 1969, àti èyí tí Craig Packer àti Anne Pusey bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1978, fi hàn pé abo ni òpómúléró: ìyá, ọmọ rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórí ilẹ̀ kan náà. Kò sí ìyálé láàárín wọn, wọn a sì máa fún ọmọ ara wọn lọ́mú. Akọ a máa kúrò ní nǹkan bí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́ta.

Àlejò ni akọ tí ó bá wọn gbé. Kì í sábà ju ọdún mélòó kan lọ kí àwọn akọ mìíràn tó wá lé e. Àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé a sì máa pa ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bá nílẹ̀, nítorí abo tí ń tọ́mọ kì í gba akọ. Bí ọmọ bá kú, kì í pẹ́ tí yóò tún fi gbà á. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti kà nípa ìdílé, tí ó sì ti fi bàbá ṣe olórí rẹ̀ lọ́kàn ara rẹ̀, yóò gbà pé ọmọ ara rẹ̀ ni kìnnìún ń pa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni yóò ti ṣì í lọ́nà. (Oyè ọba ẹranko tí ìtàn àlọ́ fi jẹ akọ kò ṣàì dá kún un.)

Ẹbí ìyá ni ó bá òtítọ́ mu jù. Kí a fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún àwọn akọ tí ó jọ ń rìn: ọmọ ìyá tàbí ọbàkan ni púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn kò bá èkejì rẹ̀ tan rárá. Ní Kainji àti Yankari ní Nàìjíríà, àti ní Pendjari ní Benin, níbi tí àwọn tí ó jọ ń gbé kò ti pọ̀ tó ti Serengeti, abo kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ kò tó agbo. Ẹbí ìyá ni síbẹ̀.