Ọjọ́ Mẹ́ta ní Stockholm: Ohun Tó Yẹ Kí Arìnrìn-àjò Mọ̀ Kí Ó Tó Gbéra



Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ kan, Alhaja kan nínú ìjọ wa, tí ń ta aṣọ, dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Ó ní, "Ààfáà, mò ń lọ sí Istanbul lọ ra ọjà. Àwọn ọmọ mi ní kí n yà sí Stockholm, olú ìlú ilẹ̀ Sweden, kí n fi ọjọ́ mẹ́ta wo ìlú. Ṣé kò ní jẹ́ ìnákúnàá lójú Ọlọ́hun?" Mo dá a lóhùn pé, "Alhaja, kò sí èèwọ̀ nínú kí èèyàn rìn lórí ilẹ̀, kí ó wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ti kọjá lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú èmi náà rí níbẹ̀ fún yín." Ohun tí mo sọ fún un ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń gbèrò irú rẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, mo lọ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ń kàwé ní Stockholm. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo ní. Kí n tó kúrò nílé, mo tọ ẹnì kan tí ń ṣẹ́ owó lọ, mo ra owó Sweden, tí wọ́n ń pè ní krónà, lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dì í sí àpò, ọkàn mi sì balẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, tí mo fẹ́ ra búrẹ́dì, ọmọbìnrin tó wà nídìí ọjà yẹ owó náà wò síwá sẹ́yìn, ó sì mi orí. Òkú owó ni wọ́n tà fún mi! Ilẹ̀ Sweden ti pààrọ̀ owó bébà rẹ̀. Àwọn kan nínú ti àtijọ́ kò ṣeé ná mọ́ láti ìparí oṣù kẹfà ọdún 2016, àwọn ìyókù sì tẹ̀ lé wọn ní ìparí oṣù kẹfà ọdún 2017. Ọdún kan gbáko lẹ́yìn tí owó ti kú ni èmi Ààfáà rà á. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń san owó oúnjẹ mi kiri, ojú sì tì mí.

Nítorí náà, èkínní nínú ìmúra ni ọ̀rọ̀ owó. Bí owó bébà yín tilẹ̀ jẹ́ tuntun, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ àti bọ́ọ̀sì ní Stockholm kì í gbà á. Káàdì báńkì ni wọ́n ń gbà. Ohun ìyanu ni èyí fún ẹni tó bá mọ ìtàn. Ìlú yìí kan náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ owó bébà jáde ní gbogbo Yúróòpù, ní ọdún 1661. Kí ó tó dìgbà náà, bàbà pẹlẹbẹ ni wọ́n ń ná, ẹyọ kan tó tóbi jù nínú rẹ̀, tí wọ́n rọ ní 1644, sì wúwo tó nǹkan bíi 20 kílò. Ẹ fojú inú wo aláàárù tí yóò máa ru owó tẹ̀ lé Alhaja lọ sọ́jà! Báńkì àgbà ìjọba wọn, Riksbank, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1668, ni ó pẹ́ jù lọ láyé nínú irú rẹ̀. Àwọn tó kọ́ Yúróòpù ní owó bébà ni wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tì báyìí. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ bi báńkì yín bóyá káàdì yín ń ṣiṣẹ́ lókè òkun àti iye tó lè san. Káàdì méjì sàn ju ẹyọ kan lọ, kí èkejì sì wà ní ibi ọ̀tọ̀.

Èkejì ni ìwé àṣẹ ìwọ̀lú. Fíìsà Tọ́kì kò lè mú ẹnikẹ́ni wọ Sweden. Sweden wà lára ilẹ̀ 29 tí wọ́n jọ ń lo fíìsà kan tí à ń pè ní Schengen. Láti oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ ìrìn-àjò ni wọ́n ti ń gba ìwé ẹ̀bẹ̀. Ó pẹ́ tán, kí ó ku ọjọ́ 15. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró dé ọjọ́ 15 yẹn, nítorí wọ́n lè fi ọjọ́ 45 yẹ ìwé ẹlòmíràn wò. Láti ọdún 2024, Yúrò 90 ni owó rẹ̀ fún àgbàlagbà. Wọn yóò tún béèrè ìwé adójútòfò fún àìsàn lójú ọ̀nà, tí kò gbọdọ̀ dín sí Yúrò 30,000, àti àkọsílẹ̀ owó yín ní báńkì. Bí ẹ bá sì fẹ́ padà wọ Istanbul láti kó ẹrù, ẹ rí i pé fíìsà Tọ́kì yín gba wíwọlé lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí n kò ní fi sábẹ́ ahọ́n. Àwọn kan máa ń yá owó olówó fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọn a kó o sí báńkì kí ìwé wọn lè rẹwà, lẹ́yìn náà wọn a kó o padà. Irọ́ ni, bí a tilẹ̀ fi lẹ́tà dáradára tẹ̀ ẹ́. Ìrìn-àjò tí a fi irọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ni a fẹ́ lọ fi wò?

Ẹ̀kẹta ni àkókò, èyí sì kan ìrun wa gidigidi. Stockholm jìnnà sí àríwá ju bí a ti rò lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún, oòrùn ń yọ nǹkan bí agogo mẹ́ta ààbọ̀ òru, kì í sì í wọ̀ títí agogo mẹ́wàá alẹ́ yóò fi kọjá. Ní oṣù kejìlá ẹ̀wẹ̀, kì í yọ títí di nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú 15, kí agogo mẹ́ta ọ̀sán sì tó lù, ó ti wọ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, òkùnkùn òru kì í ṣú tán, nítorí náà pípọ́n ojú ọ̀run tí a fi ń mọ àkókò Ìṣáì kì í kúrò pátápátá. Ní alẹ́ tí mo kọ́kọ́ dé, mo jókòó lójú fèrèsé, mò ń retí kí ilẹ̀ ṣú. Ilẹ̀ kò ṣú. Ibẹ̀ ni Àsùbáà bá mi. Ní ọjọ́ kejì, oorun ni mo fi ìdajì ọ̀sán sùn, bẹ́ẹ̀ ni ìdajì ọjọ́ kan nínú mẹ́ta ṣe lọ.

Ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ bi àwọn ìmáàmù ìlú náà ní àkókò tí wọ́n fi ń kí Ìṣáì, kí ẹ sì tẹ̀ lé ìjọ wọn. Ìlànà Màlíkì tí a kọ́ ní ilé-kéwú sì fi àyè sílẹ̀ fún onírìn-àjò: ìrun onírákà mẹ́rin di méjì, a sì lè da Màgàríbì àti Ìṣáì pọ̀ nígbà tí ìrìn bá le. Ẹni tó bá pinnu láti gbé ibì kan fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko kò ní ẹ̀tọ́ sí gígé ìrun kúrú mọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta Alhaja bọ́ sínú ìrọ̀rùn náà. Ẹ má sì kọjú sí ìlà-oòrùn gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nílé. Láti Stockholm, Mẹ́kà wà ní gúúsù, díẹ̀ sí apá ìlà-oòrùn.

Ẹ̀kẹrin ni bí a ṣe ń pín ọjọ́ mẹ́ta. Erékùṣù 14 ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sí, níbi tí adágún Mälaren ti pàdé òkun Baltic. Bí ẹ bá ń sáré láti erékùṣù kan sí òmíràn láìní ètò, orí afárá ni ọjọ́ yín yóò parí sí. Kò sí bàálù tó ń ti Nàìjíríà lọ síbẹ̀ tààrà. Pápá bàálù Arlanda sì fi nǹkan bíi 40 kílómítà jìnnà sí àárín ìlú. Rélùwéè tó yá jù ń fi bí ogún ìṣẹ́jú dé ìlú, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Bọ́ọ̀sì kò yá tó o, owó rẹ̀ sì fúyẹ́. Ẹ gbìyànjú kí ẹ débẹ̀ ní alẹ́ Ọjọ́rú, kí Jímọ̀ lè bọ́ sí àárín ọjọ́ mẹ́ta yín.

Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ lọ sí Gamla stan, ìlú àtijọ́, níbi tí òpópónà ti tóóró tí ààfin ọba sì wà, ilé tí yàrá rẹ̀ lé ní 600. Ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé Stadshuset, gbọ̀ngàn ìlú tí wọ́n ṣí ní 1923. Àwọn afinimọ̀nà nìkan ló ń mú àlejò wọ ibẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè àkókò wọn ṣáájú. Gbọ̀ngàn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Gbọ̀ngàn Búlúù, bíríkì pupa sì ni gbogbo ara rẹ̀! Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń se àsè ẹ̀bùn Nobel lọ́dọọdún. Ní oṣù kejìlá ọdún 1986, ìlú Stockholm yìí ni ọmọ Yorùbá, Wọlé Ṣóyínká, ti gba ẹ̀bùn náà fún iṣẹ́ ìwé kíkọ, òun sì ni ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, ẹ lọ sí Historiska museet, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ má fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ní nǹkan bí 1,000 ọdún sí 1,200 ọdún sẹ́yìn, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ náà ń tukọ̀ gba odò Rọ́ṣíà lọ bá àwọn Mùsùlùmí ṣòwò. Wọ́n ń ta awọ ẹranko àti ẹrú, wọ́n sì ń gba owó fàdákà dírámù. Owó náà kún inú ilẹ̀ wọn títí di òní. Ní ọdún 1999, wọ́n hú owó tó lé ní 14,000 nínú oko kan ní erékùṣù Gotland, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ilẹ̀ Mùsùlùmí. Irú owó bẹ́ẹ̀ máa ń ní ọ̀rọ̀ ìjẹ́rìí sí jíjẹ́ ọ̀kan ṣoṣo Ọlọ́hun lára, pẹ̀lú ọdún Híjírà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà tún ní òrùka fàdákà kan tí wọ́n hú nínú sàréè obìnrin kan ní Birka, ìlú ọjà àtijọ́ tó wà nínú adágún Mälaren. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ yẹ gíláàsì ojú rẹ̀ wò, wọ́n sì kà á pé orúkọ Ọlọ́hun ni wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá gbẹ́ sí i. Nígbà tí mo rí ìyẹn, ara mi bù mọ́ọ̀. Òwò ti mú orúkọ Rẹ̀ dé ibi tí kò sí ààfáà kankan.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ lọ sí Medborgarplatsen ní erékùṣù Södermalm. Mọ́sálásí ńlá ìlú náà wà nítòsí ibẹ̀. Ilé iṣẹ́ mànàmáná ni tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2000 ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bíi mọ́sálásí. Àwọn ará tí ẹ bá níbẹ̀ yóò júwe ibi tí ẹ ti lè rí oúnjẹ hálálì. Níbòmíràn, ẹja ni kí ẹ béèrè. Bí ẹ bá rí "fläsk" tàbí "skinka" nínú ìwé oúnjẹ, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ẹran rúbúrúbú tí wọ́n ń pè ní "köttbullar" pàápàá, ẹlẹ́dẹ̀ máa ń wà nínú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Omi ẹ̀rọ wọn dára ní mímu, ẹ má nówó lórí omi ìgò.

Ọjọ́ Sátidé ni kí ẹ lọ sí erékùṣù Djurgården. Skansen wà níbẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1891, níbi tí wọ́n kó àwọn ilé ìgbàanì láti gbogbo ilẹ̀ Sweden jọ sí. Ṣùgbọ́n ohun tí n kò lè gbàgbé láéláé ni ọkọ̀ Vasa.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1628, ọkọ̀ ogun yìí gbéra ní èbúté Stockholm fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó gùn ní mítà 69, ìbọn ńlá 64 ni wọ́n tò sínú rẹ̀, ère igi sì bò ó lára. Gbogbo ìlú jáde wá wò ó. Kò rìn ju nǹkan bíi mítà 1,300 lọ tí afẹ́fẹ́ fi fẹ́ lù ú. Ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi gba ojú ihò ìbọn wọlé, ó sì rì lójú ayé. Nǹkan bí ọgbọ̀n ẹ̀mí ló bá a lọ. Kí ló fà á? Òkè rẹ̀ ni ó wúwo ju ìsàlẹ̀ lọ. Wọ́n kó òkúta bí 120 tọ́ọ̀nù sí ìdí rẹ̀, kò sì tó. Bẹ́ẹ̀ sì ni, kí ó tó gbéra, wọ́n ti ní kí ọgbọ̀n ọkùnrin sáré láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì lórí rẹ̀ láti dán an wò. Ọkọ̀ náà mì tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dá wọn dúró kí ó má baà rì lójú ẹsẹ̀. Wọ́n rí i, síbẹ̀ wọ́n jẹ́ kí ó lọ, nítorí ọba ń kánjú. Ọdún 333 ni ó fi wà nísàlẹ̀ omi, kí wọ́n tó gbé e jáde ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1961. Ó dúró lódindi nínú ilé rẹ̀ báyìí.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ dé ibí yìí, mo bi Alhaja pé, "Owó wo lẹ fẹ́ fi rin ìrìn yìí?" Ó dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Ojú owó ọjà ni, Ààfáà, àti díẹ̀ nínú àjọ tó wà lọ́wọ́ mi."

Mo ní, "Alhaja, òkúta ìdí ọkọ̀ yín lẹ fẹ́ kó sí òkè yẹn. Ojú owó ni ó mú ọjà dúró. Owó àjọ sì jẹ́ àmọ́nà, kì í ṣe tiyín. Èrè ni a fi ń wo ìlú."

Ó wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo ti gbọ́, Ààfáà. Istanbul nìkan ni n ó lọ báyìí. N ó ta ọjà náà, n ó san àjọ fún àwọn tó ni ín, bí èrè bá sì ṣẹ́kù, ẹ ó bá mi kọ orúkọ mọ́sálásí yẹn sílẹ̀ fún oṣù karùn-ún ọdún tó ń bọ̀." Mo kọ ọ́ fún un lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ ka wákàtí yín, ẹ ka owó yín, kí ẹ tó ka iye ilé tí ẹ fẹ́ wò. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí a lọ ire, kí a bọ̀ ire, kí a bá ilé àti ọjà bí a ti fi wọ́n sílẹ̀. Àmín.