Àtìpó Lẹ́nu Ọ̀nà: Òfin Iye Ọdún Gbígbé àti Àwọn tí Ń Dúró De Ẹ̀tọ́ Ọmọ-Ìlú ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní àwọn ìlú Yorùbá àtijọ́, àlejò tí ó bá fẹ́ dúró kì í ṣàdédé wọ àárín ìlú. Yóò wá onílé kan tí yóò gbà á sí agboolé rẹ̀. Onílé náà ni yóò mú un lọ kí baálẹ̀ tàbí ọba, òun náà ni yóò sì dúró fún un bí ọ̀rọ̀ bá dé. Bí ó bá gba ilẹ̀ oko, yóò máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún ẹni tí ó ni ilẹ̀. Kò sí ìwé kan tí a kọ iye ọdún tí yóò lò sí kí a tó kà á mọ́ ará ìlú. Ìwà rẹ̀, ìgbéyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ tí ó bí sí ìlú náà ni àwọn àgbà ń wò. Òfin òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún ni ó ń kà, ọjọ́ ni ó ń kà, ìwé ni ó sì ń béèrè. Nítorí náà, bí ìjọba bá yí iye ọdún náà padà, ó fọwọ́ kan ayé ẹni tí ó ti ń ka ọdún bọ̀ láti ìgbà tí ó ti wọ̀lú.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn baba wa ń pè ní Ìlú Ọba, ni ó yẹ kí a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó wà níbẹ̀, tí òfin yìí sì dé àárín ilé wọn.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ ní mímọ̀ ni pé ìlẹ̀kùn méjì ni àlejò ń gbà kọjá níbẹ̀. Ìlẹ̀kùn kìíní ni ẹ̀tọ́ àtigbé ìlú títí láìní gbèdéke. Ẹni tí ó bá gba èyí kò nílò àṣẹ agbanisíṣẹ́ kankan mọ́ kí ó tó máa gbé ìlú. Fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wọ̀lú pẹ̀lú físà iṣẹ́, ọdún 5 ni a fi ń dé ibẹ̀ lábẹ́ ìlànà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2006. Ìlẹ̀kùn kejì ni sísọni-dọmọ-ìlú gan-an, èyí tí Òfin Ọmọ-Ìlú ti 1981, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1983, là sílẹ̀. Òfin náà béèrè pé kí ènìyàn ti gbé ìlú fún ọdún 5, kí ó má ti fi ìlú sílẹ̀ ju ọjọ́ 450 lọ láàárín ọdún wọ̀nyẹn, kí ó má sì ti fi í sílẹ̀ ju ọjọ́ 90 lọ ní ọdún tí ó kẹ́yìn. Ó tún béèrè pé kí ó ti ní ẹ̀tọ́ àtigbé títí fún oṣù 12 kí ó tó kọ̀wé, àfi bí ó bá jẹ́ ọkọ tàbí aya ọmọ-ìlú. Ọdún 5 àti ọdún 1 nìyẹn: ọdún 6 ni ó kéré jù fún ẹni tí ó bá fi físà iṣẹ́ wọlé.

Ọ̀nà yìí kò fìgbà kan dúró sí ojú kan. Lábẹ́ òfin ti 1948, ọmọ tí a bí ní Ìpínlẹ̀ Èkó, tí í ṣe ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì gan-an nígbà náà, jẹ́ ọmọ-ìlú Ìlú Ọba àti àwọn ilẹ̀ àkóso rẹ̀; èyí tí a bí ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta sì jẹ́ ẹni abẹ́ ààbò. Òfin kan náà gba ọmọ orílẹ̀-èdè olómìnira tí ó wà nínú Àjọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì láyè láti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ-ìlú lẹ́yìn oṣù 12 péré tí ó ti ń gbé níbẹ̀. Ní 1962 ni oṣù 12 di ọdún 5. Òfin ti 1971, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1973, tún dín ẹ̀tọ́ náà kù. Òfin ti 1981 sì fún àwọn tí ó ti fìdí kalẹ̀ kí 1973 tó wọlé ní àkókò di òpin 1987 láti wá forúkọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kò gbọ́, ọ̀pọ̀ ni ó sì rò pé ọ̀ràn náà kò kan àwọn. Ní 2018 ni gbogbo ayé mọ̀ pé àwọn kan nínú wọn, tí ó ti lo ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀, ti pàdánù iṣẹ́ àti ilé, tí a tilẹ̀ lé òmíràn kúrò nílùú, nítorí pé wọn kò ní ìwé lọ́wọ́.

Ẹni tí ó bá ń ronú yóò béèrè pé kí ló dé tí ìlẹ̀kùn kìíní fi máa ń yí padà ju ìkejì lọ. Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Òfin ni ó gbé ìlẹ̀kùn kejì ró, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin sì ni ó gbọ́dọ̀ jókòó kí a tó yí i padà. Ṣùgbọ́n ìlànà ìwọ̀lú ni ó gbé ìlẹ̀kùn kìíní ró. Mínísítà ni ó ń ṣe ìlànà yìí; yóò gbé ìwé àtúnṣe síwájú Ilé Ìgbìmọ̀, bí Ilé kò bá sì kọ̀ ọ́ láàárín ogójì ọjọ́, ó di ohun àmúlò. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹni tí ó lè dé ìlẹ̀kùn kejì láìgba ti ìkìíní kọjá. Nítorí náà ìjọba lè sọ ọ̀nà di gígùn láìfọwọ́ kan òfin ọmọ-ìlú rárá.

Ìbéèrè tí ó wúwo jù ni ti ẹni tí ó ti wà lójú ọ̀nà. Ìlànà wo ni a ó fi wọ̀n ọ́n: èyí tí ó bá lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ó dé, tàbí èyí tí a ṣe lẹ́yìn rẹ̀? Ẹjọ́ méjì tí ó ti ọdún 2006 wá fi ìdáhùn méjì hàn.

Ní oṣù kìíní ọdún 2006, dókítà kan tí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà kọ̀wé láti máa gbé ìlú gẹ́gẹ́ bí dókítà tí ń kọ́ṣẹ́ sí i. Gbogbo ohun tí ìlànà béèrè ní ọjọ́ náà ni ó ní. Ní oṣù kẹrin, kí a tó dá a lóhùn, ìlànà yí padà: àfi ẹni tí ó bá gboyè ìṣègùn ní ilé-ẹ̀kọ́ ti ilẹ̀ náà. Wọ́n kọ̀ fún un. Ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ àgbà Ilé Àwọn Olóyè ní 2009, wọ́n sì dájọ́ pé ìlànà tí ó wà ní ọjọ́ tí a ń dáni lóhùn ni a ó lò, kì í ṣe ti ọjọ́ tí a kọ̀wé. Èrò wọn ni pé ìlànà ìwọ̀lú jẹ́ ìkéde bí ìjọba yóò ti máa ṣe ní àkókò kan, àti pé kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé irú ìkéde bẹ́ẹ̀ lè yí padà.

Ìkejì ni ti àwọn ọ̀mọ̀wé oníṣẹ́ tí ìjọba fúnra rẹ̀ pè wọ̀lú lábẹ́ ètò kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2002. Ọdún 4 ni wọ́n sọ fún wọn pé wọn yóò lò kí wọ́n tó lè gba ẹ̀tọ́ àtigbé títí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2006 ọdún 4 di 5, ó sì kan àwọn tí ó ti wọlé tẹ́lẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé náà kó ara wọn jọ, wọ́n lọ sí ilé ẹjọ́. Ní 2008 àti 2009 ilé ẹjọ́ gíga dá wọn láre, nítorí pé ìwé tí ìjọba fi pè wọ́n ṣèlérí ní kedere pé àtúnṣe ẹ̀yìnwá kò ní kàn wọ́n, wọ́n sì ti tìtorí ìlérí náà fi iṣẹ́ àti ilé wọn sílẹ̀.

Bí a bá fi ẹjọ́ méjèèjì wéra, a ó rí i pé kò sí ìtakora nínú wọn. Ẹni tí ó bá ní ìlérí tí a kọ sílẹ̀ lè di í mú. Ẹni tí kò ní ju ìrètí lọ kò rí nǹkan dì mú, bí ìrètí náà tilẹ̀ tọ́. Nǹkan tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ni ìpèsè ààbò tí ìjọba lè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sínú àtúnṣe, pé àwọn tí ó ti wà lójú ọ̀nà ni a ó fi ìlànà àtijọ́ wọ̀n. Bí kò bá kọ ọ́, ó ṣòro kí ilé ẹjọ́ bá a kọ ọ́.

Nígbà mìíràn, àyípadà tí a gbé jáde tilẹ̀ lè ṣàì débi tí ó ń lọ. Òfin kan tí a fọwọ́ sí ní 2009 fẹ́ kí àlejò lo sáà ìdánwò kan kí ó tó di ọmọ-ìlú, kí ó sì lè dín sáà náà kù bí ó bá ṣe iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ láwùjọ. Ní 2010 ìjọba tí ó jẹ tẹ̀ lé e kéde pé òun kò ní lò ó, kò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rí. Ẹni tí ó ti sáré tún ètò ayé rẹ̀ tò nítorí òfin náà ṣiṣẹ́ asán.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni ìjọba Ìlú Ọba gbé ìwé ìlànà jáde pé kí ọdún 5 di 10 fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà ni àlàyé kíkún tẹ̀ lé e: ọdún 10 ni ìpìlẹ̀, ẹni tí owó ọ̀yà rẹ̀ bá ga gan-an lè lo 3, ọkọ tàbí aya ọmọ-ìlú yóò lo 5, àwọn oníṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn kò tó ti oníwèé-ẹ̀rí yunifásítì, tí àwọn olùtọ́jú arúgbó àti aláìsàn wà nínú wọn, yóò sì lo 15. Àbá náà fẹ́ kan àwọn tí ó ti wà nílùú ṣùgbọ́n tí wọn kò tí ì gba ẹ̀tọ́ àtigbé títí. Kò kan àwọn tí ó ti gbà á. Ìjọba sọ pé iye ènìyàn tí yóò gba ẹ̀tọ́ náà láìpẹ́ pọ̀ jù, àti pé ó yẹ kí a ṣiṣẹ́ fún un. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kí ó má ní ààlà, kò sì sí ìlú tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pààlà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ní 2022 ni a ṣí físà sílẹ̀ fún àwọn olùtọ́jú arúgbó, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sì gbà á. Ẹni tí ó wọlé ní ọdún náà ń wo 2027. Bí ọdún 15 bá kàn án, ó di 2037. Ní gbogbo àkókò yẹn, agbanisíṣẹ́ ni onílé rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ 60 ni a sábà máa ń fún un láti wá agbanisíṣẹ́ mìíràn tàbí kí ó kúrò nílùú. Ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ rí báyìí kì í lè sọ̀rọ̀ bí a bá rẹ́ ẹ jẹ. Ọmọ tí ó bá bí níbẹ̀ ní 2023 kò ní jẹ́ ọmọ-ìlú ní ọjọ́ ìbí, nítorí pé láti 1983, àfi kí ọ̀kan nínú àwọn òbí jẹ́ ọmọ-ìlú tàbí kí ó ti ní ẹ̀tọ́ àtigbé títí. Lábẹ́ ìlànà ọdún 5, ọmọ náà ìbá lè forúkọ sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 4, nígbà tí òbí rẹ̀ bá gba ẹ̀tọ́. Lábẹ́ ti ọdún 15, ó di ọmọ ọdún 10 kí òfin tó gbà á nítorí pé ibẹ̀ ni ó gbé dàgbà. Yóò sì di ọmọ-ìlú ní ọdún 4 ṣáájú kí òbí tí ó bí i tó gba ẹ̀tọ́ àtigbé títí. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Níhìn-ín, ọmọ ni ó kọ́kọ́ nílé.

Ti àwọn òbí tí ó wà nílé náà ń bẹ. Ìlànà ka ọjọ́ tí ènìyàn fi ìlú sílẹ̀. Bí ọ̀nà bá ṣe gùn tó ni ó ṣe ṣeé ṣe tó kí àìsàn tàbí ikú òbí bọ́ sáàárín rẹ̀, kí ọmọ sì máa fi ọjọ́ tí ó yẹ kí ó lò nídìí ìsìnkú wé ọjọ́ tí ó ṣẹ́kù fún un.

Orílẹ̀-èdè mìíràn ti fi hàn pé a lè yí òfin padà kí a sì rántí ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà. Nígbà tí Jámánì dín ọdún 8 kù sí 5 ní 2024, ó mú àwọn ìlànà kan nípa owó ìgbọ́bùkátà le sí i. Ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tí ó ti kọ̀wé di ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 2023 yóò jàǹfààní ìlànà àtijọ́ níbi tí ó bá ti sàn fún un. Jámánì kan náà pa ọ̀nà ọdún 3 rẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2025. Nàìjíríà alára ń béèrè ọdún 15 lọ́wọ́ àlejò, bí ó ti wà nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ti 1999. Ọdún náà pọ̀, ṣùgbọ́n inú Òfin Ìpìlẹ̀ ni ó wà, kò sì sí mínísítà tí ó lè dá nìkan yí i padà. Ó hàn nígbà náà pé gígùn ọ̀nà jẹ́ ọ̀ràn kan, ìdánilójú ọ̀nà sì jẹ́ ọ̀ràn mìíràn. Ẹni tí a sọ fún pé ọdún 15 ni, kí ó tó gbéra, lè yàn bóyá òun yóò lọ tàbí òun yóò jókòó. Ẹni tí a sọ fún pé ọdún 5 ni, tí a wá sọ ọ́ di 15 fún nígbà tí ó ti lo 4, kò ní ohun tí yóò yàn mọ́. Ó ti ta ilẹ̀, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń sọ èdè ibòmíràn.

Àwọn baba wa kò kọ iye ọdún sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé onílé tí ó ti gba àlejò wọlé, tí ó ti jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ yí ọ̀rọ̀ àná padà lójú rẹ̀. Bí òfin òde òní bá fẹ́ máa ka ọdún, ohun tí ó kéré jù tí àlejò lè béèrè ni pé kí a fi ọdún tí a bá a ṣàdéhùn rẹ̀ kà á.